Ẹ̀yin òbí tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin àti agbègbè ẹ̀, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Nọ́ọ̀sì Tánkẹ:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tèmi. Nọ́ọ̀sì ni mí, ṣíìfù la máa ń ṣe, bí wọ́n bá ṣe gbé róṣítà jáde náà la máa tẹ̀ lé e, àárọ̀, ọ̀sán, òru. Ọkọ mi, tísà ni, Ọ̀fà ló ti ń ṣiṣẹ́, ojoojúmọ́ ló ń lọ tó ń bọ̀ torí a ò fẹ́ kí ilé pín sọ́nà méjì. Ọmọ mẹ́ta la ní, àgbà wà ní pírámárì, èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ jẹ́lé-ó-sinmi, àbúrò wọn ń lọ sí oṣù mẹ́rin, lívù mi sì ti fẹ́ parí. Ìyá ọkọ mi ti ní àwọn á wá bá wa dúró ti ìkókó. Iṣẹ́ gan-an kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù o, mo ti ń ṣe é kí n tó lọ́kọ. Ohun tó ń dààmú mi ni pé tí mo bá wà ní wọ́ọ̀dù ọkàn mi ò kí ń sí níbẹ̀, mo á máa rò ó pé ta ló máa lọ mú ọmọ ní ilé ìwé, ṣé wọ́n ti fọ yunifọ́ọ̀mù, ṣé gáàsì ò ní tán mọ́ Màámi lọ́wọ́, tí mo bá sì délé tán fóònù á tún máa dún pé ẹni tó yẹ kó wọlé ní ìrọ̀lẹ́ ò wá, ṣé mo lè padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti la irú ẹ̀ kọjá, ẹ bá mi dá sí i. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ ń ṣe gan-an, ẹ má kàn sọ fún mi pé kí n máa fara dà á, ìyẹn ti pọ̀ lọ́wọ́ mi.

Ìyá Ìbejì Gaa Àkànbí:
Ẹ kú ewu ọmọ o, Ọlọ́run á bá wa wò ó dàgbà. Èmi òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, ìbejì ni mo fi bẹ̀rẹ̀ kí n tó tún bí ọ̀kan lé wọn. Tèmi ni pé ẹ jẹ́ kí àárọ̀ yín ti bẹ̀rẹ̀ látalẹ́. Yunifọ́ọ̀mù, bàtà, ìbọ̀sẹ̀, báàgì, fúláàsì, orí àga lẹ́bàá ilẹ̀kùn ni mo máa ń kó gbogbo ẹ̀ sí kí n tó sùn, ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní àga tiẹ̀, torí ẹsẹ̀ ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo tó sọnù lè mú kí gbogbo ilé pẹ́ débi tí wọ́n ń lọ, kí ẹ sì ti fi ariwo bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ yín.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ wá ńkọ́, ata ni o, ata ni kókó ẹ̀. Sátidé ni mo máa ń jáde lọ sí Ìpàtà kí oòrùn tó mú, mo á ra tòmátò, tàtàṣé, rodo àti àlùbọ́sà tó máa tó ọ̀sẹ̀ kan, mo á lọ̀ ọ́ níbẹ̀, n ò ní gbé e délé láìlọ̀. Tí mo bá délé mo á gbé e kaná nínú ìkòkò ńlá, mi ò ní da epo sí i o, mo á jẹ́ kí omi ara ẹ̀ gbẹ tán pátápátá kó di kíki, ìgbà yẹn ni mo máa tó da òróró sí i tí mo á máa rò ó títí òróró á fi yọ sókè. Kó tutù tán, mo á pín in sínú ike kéékèèké, ike kan ìsebẹ̀ kan, ó di inú fírísà. Ẹ wò ó, ata tútù tẹ́ ẹ bá kó sí fírísà, tíná bá lọ fún ọjọ́ méjì ó ti kan nìyẹn, ṣùgbọ́n ata díndín tómi ẹ̀ gbẹ dáadáa máa ń dúró dè yín. Ẹ bá ti ní in nílẹ̀, ìrẹsì ni o, ẹ̀wà ni o, ọbẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ fi jẹ tùwó ni o, ẹ ò ní lò tó ìṣẹ́jú ọgbọ̀n nínú kíṣìnnì. Ẹni tó bá ní ọbẹ̀ inú fíríìjì ò kí ń dùn, ẹ fi ìkòkò lé e lọ́wọ́.

Ọmọ Bàbá Àgbà:
Mi ò ní purọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ yìí ń yà mí lẹ́nu. Àwọn ìyá wa bí mẹ́jọ bí mẹ́wàá, wọ́n lọ sóko, wọ́n lọ sọ́jà, wọ́n dáná alẹ́, kò sí fírísà kò sí gáàsì, kò sẹ́ni tó gbọ́ igbe wọn. Ẹ̀yin ìyàwó ìwòyí bí mẹ́ta, ayé ò gbádùn mọ́.

Alhaja Olófì:
Ìwọ Ọmọ Bàbá Àgbà yìí, o kú àsọtán. Ìyá tó o ń wí yẹn, ṣé òun nìkan ló tọ́ ẹ? Inú agboolé ni wọ́n bí èmi sí, nísàlẹ̀ Ọjà Ọba níbí. Tí ìyá mi bá ti gbé igbá jáde lówùúrọ̀, ìyálé ẹ̀ wà nílé, ìyá ọkọ ẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ìyàwó ilé mìíràn wà níbi ààrò, tí mo bá sunkún ọwọ́ mẹ́rin ló máa nà láti gbé mi, tí mo bá sì ṣe àìdáa, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí mi ló máa nà mí, ó di ọjọ́ kejì kí ìyá mi tó gbọ́. Oúnjẹ tí wọ́n bá sè nílé kan, ọmọ gbogbo agboolé ló ń jẹ níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì yìí ń gbé inú fúláàtì ní Tánkẹ, ọmọ yunifásítì ló wà lókè, ẹni tó wà nísàlẹ̀ kò mọ orúkọ ẹ̀, o wá ní kó ṣe bí ìyá ẹ ti ṣe. Kó o lọ kó agboolé wá fún un ná.

Ọmọ mi nọ́ọ̀sì, má dá a lóhùn. Aṣọ òkè lèmi ń hun, ilé ni mo ti ń hun ún, gbogbo èèyàn sì máa ń sọ pé "Alhaja, tiyín dára, ilé lẹ wà". Ilé tí mo wà yẹn ló ń pa mí. O mọ̀ pé òwú tá a bá ta, gbọọrọ ni, ó máa ń na ara ẹ̀ sílẹ̀ gba ojúde kọjá, a ó wá gbé òkúta lé ẹnu ẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán kó lè le dáadáa. Ọmọ á ṣáré gba àárín ẹ̀ kọjá, òwú já. Ẹni tó ń ta gúgúrú á fẹsẹ̀ gbá a. Àlejò á wọlé láìsọ tẹ́lẹ̀, torí ṣebí ilé lo wà, o ò lè sọ pé o ò ráyè, o ó dìde, o ó wá omi fún un, o ó bá a sọ̀rọ̀ dọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ aṣọ ìyàwó tí wọ́n fẹ́ gbé ní Jímọ̀ ṣì wà lórí òfì. Mo wá fòfin lélẹ̀ nínú ilé: láti ìgbà tí àwọn ọmọ bá ti lọ ilé ìwé títí dìgbà tí wọ́n bá kírun Àsárì, mi ò sí nílé. Mo jókòó síbẹ̀ ẹ rí mi, mi ò sí nílé. Ẹni tó bá wá á bá mi jókòó nídìí òfì tàbí kó padà. Wọ́n kọ́kọ́ ní mo ti ń gbéraga, wọ́n ti gbà báyìí.

Ìyá Ìbejì Gaa Àkànbí:
Alhaja, ẹ sọ ọ́ tán. Ẹ rántí June 2023 tí ìjọba Kwara ní kí àwa òṣìṣẹ́ máa wá ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ dípò márùn-ún, nígbà tí owó epo bẹntiróòlù fò sókè lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́. Mo rò pé mo ti rí ìsinmi ni o. Kò pẹ́ tí gbogbo ẹbí fi mọ ọjọ́ tí mi ò kí ń lọ sí ọ́fíìsì, "bá mi mú ọmọ mi ní ilé ìwé", "bá mi dúró de ẹni tó máa tún fírísà ṣe", "ṣebí o wà nílé lónìí". Ọjọ́ tí mo bá lọ síbi iṣẹ́ gan-an ni ara máa ń tù mí.

Bàbá Rìdwán:
Ẹ jẹ́ kí èmi náà dá sí i, torí ọkùnrin kan ṣoṣo ló ti sọ̀rọ̀, ìyẹn náà sì wá fi yín ṣẹ̀sín ni. Ìjọba àpapọ̀ ni mo ń bá ṣiṣẹ́. Nọ́ọ̀sì, ẹ ka ìwé òfin iṣẹ́ yín dáadáa kẹ́ ẹ tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Tó bá jẹ́ abẹ́ ìjọba àpapọ̀ lẹ wà, ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú lẹ́tọ̀ọ́ sí wákàtí méjì lójúmọ́ láti fi tọ́jú ọmọ, fún oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tó bá padà sẹ́nu iṣẹ́. Tó bá jẹ́ ti aládàáni, òfin òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Labour Act, abala 54, sọ pé ọ̀sẹ̀ 12 ni lívù ìbímọ, mẹ́fà kí ẹ tó bí, mẹ́fà lẹ́yìn ẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì ti lo oṣù mẹ́fà níbẹ̀, owó oṣù yín lásìkò yẹn ò gbọdọ̀ dín ní ìdajì. Ó tún ní kí wọ́n yọ̀ǹda ààbọ̀ wákàtí fún yín lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ò ní sọ ọ́ fún yín o, ẹ̀yin lẹ máa kọ lẹ́tà béèrè ẹ̀.

Àwa ọkùnrin náà, láti 2022 ni wọ́n ti fọwọ́ sí lívù bàbá ọmọ fún òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ọjọ́ iṣẹ́ 14, kò lè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọdún méjì, ọmọ mẹ́rin ló mọ. Mo gbà á nígbà tí a bí àbúrò Rìdwán, àwọn kan ní ọ́fíìsì fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé èmi ni mo bímọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín.

Ohun tí mo wá fẹ́ bá ọkọ yín sọ ni pé kó má ràn yín lọ́wọ́ mọ́. Kó gba odidi iṣẹ́ kan kó di tiẹ̀. Ẹni tó ń ranni lọ́wọ́, ẹlòmíì ló máa rántí fún un, "ó ti tó àsìkò o", "gáàsì ti fẹ́ tán o", rírántí yẹn ló ń dá yín lágara, òun lẹ ń gbé lọ sí wọ́ọ̀dù. Nínú ilé tèmi, ọ̀rọ̀ ilé ìwé, tèmi ni pátápátá: owó ilé ìwé, ìpàdé òbí, irun gígẹ̀, bàtà, títí dórí gúrúùpù WhatsApp kíláàsì wọn. Ìyàwó mi kúrò nínú gúrúùpù yẹn. Tí tísà bá kọ ọ́ síbẹ̀ laago mẹ́sàn-án alẹ́ pé kí gbogbo ọmọ mú páálí aláwọ̀ ewé wá lọ́la (wọ́n sì fẹ́ràn aago mẹ́sàn-án alẹ́ yẹn), èmi ni mo máa wọ bàtà jáde. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, ìyàwó mi ni wọ́n ṣì máa ń pè, ó á sì dá wọn lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé "ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe bàbá wọn". Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó mọ́ wọn lára. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi náà ní láti fara da nǹkan kan: tí mo bá ra bàtà tí kò wù ú, kò gbọdọ̀ lọ pààrọ̀ ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Tánkẹ:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Alhaja, mo rẹ́rìn-ín títí. Mo ka ti Bàbá Rìdwán sókè fún ọkọ mi, ó ní kí n bi yín pé kí ló kù tí ẹni tó ń jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa lè gbà ṣe, torí kó tó wọ mọ́tò ní gáréèjì, kó gba Gánmọ̀ gba Àjàṣẹ́ kó tó dé Ọ̀fà, kò lè mú ọmọ kankan lọ ilé ìwé.

Bàbá Rìdwán:
Àárọ̀ ò sí lọ́wọ́ ẹ̀, ìrọ̀lẹ́ wà níbẹ̀ ńkọ́? Tísà ni, wọn ò kí ń pẹ́ jù kí wọ́n tó jáde. Kó gba iṣẹ́ àṣetiléwá, wíwẹ̀ alẹ́, kí ọmọ tó sùn. Kó gba gáàsì, omi, owó iná. Kó gba aṣọ fífọ̀ ní Sátidé. Ohun kan tó dájú ni pé kó gbé róṣítà yín lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì, kó máa wò ó fúnra ẹ̀, kó má máa bi yín pé "ṣíìfù wo lo wà lọ́la". Ọ̀gbẹ́ni, tó o bá ń kà á, mo kí ẹ o.

Àǹtí Náìtì:
Nọ́ọ̀sì bíi tiyín lèmi, mo ti ń ṣe é tipẹ́ ju yín lọ. Ẹ gbọ́, ẹ lọ bá métírọ́ọ̀nù kí wọ́n tó kọ róṣítà, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá jáde tán. Ẹ sọ fún wọn pé ìkókó wà lọ́wọ́ yín, ẹ ní ẹ lè máa ṣe òpin ọ̀sẹ̀ tí àwọn mìíràn ń sá fún, torí ọkọ yín wà nílé nígbà yẹn. Ẹni tó bá ní nǹkan tó lè fi ṣe pààrọ̀ ni wọ́n máa ń gbọ́ tiẹ̀. Ẹ tún wá ẹni méjì tẹ́ ẹ jọ lè máa gba ṣíìfù fún ara yín, kẹ́ ẹ sì rí i pé ẹ san tiyín padà kíákíá, torí gbèsè ṣíìfù le ju gbèsè owó lọ.

Ọ̀rọ̀ náìtì: tẹ́ ẹ bá jáde láàárọ̀, ẹ má yà ní ọjà. Mo mọ̀ pé ó máa ń ṣe èèyàn bíi kó kàn ra ẹ̀fọ́ díẹ̀ kọjá. Ẹ lọ sílé. Ẹ fún ọmọ lọ́mú, ẹ gbé e fún Màámi, ẹ fi aṣọ dúdú bo fèrèsé, ẹ gbé fóònù sí pálọ̀, ẹ sùn. Kí gbogbo ilé mọ̀ pé ẹni tó ṣe náìtì ò jí kó tó di ọ̀sán, àfi tí ilé bá ń jó. Ìpè "ṣé ẹ lè padà wá" yẹn, ẹ ní ìdáhùn kan tẹ́ ẹ ti pinnu sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tèmi ni "kò ní ṣeé ṣe lónìí, ẹ jọ̀ọ́". Mi ò kí ń ṣàlàyé. Tẹ́ ẹ bá ti ń ṣàlàyé, wọ́n á bá yín wá ojútùú sí àlàyé yẹn ni.

Ìyá Fèyí:
Báńkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, kí n tó fi sílẹ̀. Ibi tí mo wà nígbà yẹn, tọ́ílẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ní kí n ti máa fún omi ọmú sí ike, mo kọ̀, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n máa lo yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí, mo fi kọ́kọ́rọ́ tì í látinú, ó parí síbẹ̀. Ẹ béèrè, ẹ má dúró kí wọ́n fi lọ̀ yín.

Mo mọ̀ pé nọ́ọ̀sì lẹ, ẹ mọ èyí jù mí lọ, torí àwọn mìíràn tó ń kà á ni mo ṣe ń kọ ọ́. Omi ọmú tẹ́ ẹ bá fún, tí ibi tẹ́ ẹ gbé e sí kò bá gbóná ju ìwọ̀n 25°C lọ, ó lè lo wákàtí mẹ́rin. Ní Ìlọrin níbí, pàápàá ní March tí ooru máa ń mú bíi kí òrùlé yọ́, ta ló ní yàrá tó tutù tó 25 láìsí éèsì, torí náà ẹ má kà á sí wákàtí mẹ́rin, ẹ tètè gbé e sínú òtútù. Inú kúlà tó ní yìnyín dáadáa, wákàtí 24. Inú fíríìjì, ọjọ́ mẹ́rin, ṣùgbọ́n fíríìjì tíná ń lọ tó ń bọ̀ nínú ẹ̀ kì í ṣe fíríìjì, ẹ lò ó lọ́jọ́ kejì. Ẹ kọ déètì àti aago sára ike. Ẹ má gbé e kaná, ẹ má fi sínú máíkíròwéfù, inú abọ́ omi gbígbóná ni kẹ́ ẹ gbé ike náà sí títí á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Èyí tí ọmọ bá ti fẹnu kàn tó sì ṣẹ́ kù, tí wákàtí méjì bá ti kọjá, ẹ dà á nù, ó máa dùn yín, ẹ dà á nù náà ni. Kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ́ ọmọ kí lívù tó parí o, kì í ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ máa padà sẹ́nu iṣẹ́ ló máa kọ́kọ́ rí ife. Ẹlòmíì ni kó máa fún un, torí tó bá ti gbóòórùn yín kò ní gbà á.

Ìyá Àgbà Òrò (ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́):
Mo kí gbogbo yín. Wọ́n ń kà á fún mi ni mo ní kí wọ́n bá mi fèsì. Ẹ̀yin ọmọ wa, tẹ́ ẹ bá ń sọ pé "Màámi á wá", ṣé ẹ ti bi Màámi ohun tí wọ́n ń fi sílẹ̀? Mo lọ tọ́jú ọmọ ọmọbìnrin mi ní Ìlọrin, mo fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, mo fi àjọ tí mò ń dá sílẹ̀, mo fi ẹgbẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, mi ò mọ ẹnì kankan ládùúgbò, láti àárọ̀ dalẹ́ èmi àti ọmọ ọwọ́ la jọ ń wo ara wa. Inú mi dùn sí ọmọ o, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ń dùn mí. Àgbàlagbà kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹ máa fún wọn lówó, ẹ má pè é ní owó iṣẹ́, ẹ ní ẹ fi dá àjọ fún wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ sílé wo ilé wọn. Ẹ má di oúnjẹ sísè gbogbo ilé lé wọn lórí nítorí pé wọ́n wà nílẹ̀. Kẹ́ ẹ sì fi wọ́n mọ ìyá kan tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́ ládùúgbò, tí wọ́n lè máa bá sọ̀rọ̀.

Ọmọ ọmọ mi ní kí n fi ti omi sí i. Àwa, tí ọmọ bá ti sunkún lójú oòrùn, omi la máa fún un, àti àgbo. Wọ́n ti wá sọ fún wa ní hòsípítù pé ọmú nìkan títí oṣù mẹ́fà. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ìyàwó tó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì, kó má sọ ọ́ fún ìyá ọkọ ẹ̀ bíi pé ó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Jẹ́ kí ọmọ wọn bá wọn sọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì Tánkẹ:
Haa, Màámi, ẹ ṣé o. Mi ò rò ó débẹ̀ rárá, ọ̀rọ̀ àjọ yẹn. Òmù-Àrán ni wọ́n ti ń bọ̀, wọ́n sì ń ta èlùbọ́ níbẹ̀. Màá bá bàbá wọn sọ ọ́ lálẹ́ yìí.

Sàngó Gírl:
Kí ló dé tẹ́ ẹ ò kàn wá ọmọ ọ̀dọ̀? Ẹ lọ bá wọn ní abúlé, wọ́n á fún yín ní ọmọbìnrin ọdún mẹ́wàá mọ́kànlá kan, ó máa gbé ìkókó pọ̀n, ó máa fọ abọ́, owó ẹ̀ ò sì pọ̀.

Tísà Àjàṣẹ́:
Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá, ọmọ náà ni. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 ò fàyè gbà á, òfin UBE ti 2004 sì ti sọ pé dandan ni kí ọmọ lọ ilé ìwé pírámárì àti JSS. Àwọn tí mo ń rí ní kíláàsì mi, tó jẹ́ pé ilé onílé ni wọ́n ń gbé, orí dẹ́ẹ̀sìkì ni wọ́n ń sùn, torí ìdájí ni wọ́n ti ń fọ abọ́. Ẹ gba àgbàlagbà tó máa wá láàárọ̀ tó máa lọ nírọ̀lẹ́, ẹ san owó tó tọ́. Tí owó ò bá tó, ẹni méjì ládùúgbò lè pawọ́ pọ̀ gba ẹnì kan.

Abú Gérí Àlímì:
Lórí àwọn ọmọ tó ti ń lọ ilé ìwé, àlàfo tó wà níbẹ̀ ni láti ìgbà tí wọ́n bá ti jáde ní ọ̀sán títí dìgbà tẹ́ ẹ máa dé. Àwa, ilé kéwú la fi dí i. Wọ́n á délé, wọ́n á jẹun, wọ́n á pààrọ̀ aṣọ, wọ́n ti di ọ̀dọ̀ Alfa, ó di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó jáde. Àwọn kìrìsìtẹ́nì àdúgbò wa ń lọ sí lẹ́sìn lẹ́yìn ilé ìwé. Ṣùgbọ́n ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ò tíì lè fara dà á, oorun ló máa sùn, ẹ má fi tipátipá mú ìyẹn lọ.

Kẹ̀kẹ́ tó máa gbé wọn: ẹni tẹ́ ẹ mọ ilé ẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbà, tẹ́ ẹ mọ ìyàwó ẹ̀, tẹ́ ẹ mọ ẹni tó lè dúró fún un. Mo ní kó má fi ọmọ kankan síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ẹ̀, mo fi owó díẹ̀ kún un torí ìyẹn. Mo tún fún àwọn ọmọ ní ọ̀rọ̀ àṣírí kan. Ẹni tó bá wá mú wọn tí kò bá mọ ọ̀rọ̀ yẹn, kódà kó jẹ́ àbúrò mi, wọn ò ní bá a lọ. Àbúrò mi ti dúró lẹ́nu géètì ilé ìwé rí tó ń pè mí lórí fóònù pé ọmọ kọ̀ jálẹ̀. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ yẹn.

Ọmọ Bàbá Àgbà:
Alhaja, ẹ má bínú sí mi, àwàdà ni mo ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín, èmi tí ìyàwó mi ń ta ọjà ní Mandate, tí òun kò ní lívù, tí kò ní róṣítà, kí la máa ṣe ti tiwa sí?

Alhaja Olófì:
O ṣẹ̀ṣẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ọlọ́jà ló le jù, torí kò sẹ́ni tó ń sọ fún un pé ó tó, máa lọ sílé. Òun fúnra ẹ̀ ló máa dá ọjọ́ ìsinmi fún ara ẹ̀, tó bá jẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí ọjà ò fi bẹ́ẹ̀ gbóná, kó tì í pa, kí ìwọ sì máa fi owó kún ilé lọ́jọ́ yẹn kí ọkàn ẹ̀ má baà wà ní ṣọ́ọ̀bù. Kí òun àti ọlọ́jà ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ máa bá ara wọn tajà, ìwọ jókòó ti tèmi lónìí, màá jókòó ti tìẹ lọ́la. Ìwọ ńkọ́, kí lò ń ṣe nígbà tó bá ń bọ̀ láti ọjà nírọ̀lẹ́? Tó o bá ti ń dúró kó wá gbé oúnjẹ síwájú ẹ, mi ò tíì dárí jì ẹ́.

Ọmọ Bàbá Àgbà:
Mo ń se ìrẹsì o. Ó máa ń jó nígbà mìíràn ni.

Ìyá Ìbejì Gaa Àkànbí:
Ẹ lọ ra ata.

Nọ́ọ̀sì Tánkẹ:
Ẹ ṣeun gbogbo yín. A ti jókòó sọ ọ́. Ọkọ mi ti gba gáàsì, omi, iṣẹ́ àṣetiléwá àti gúrúùpù WhatsApp, mo ti kúrò níbẹ̀ lálẹ́ àná, ọwọ́ mi gbọ̀n díẹ̀. Màámi náà, ó ti pè wọ́n, wọ́n ní àwọn á máa lọ sílé ní òpin oṣù, torí èlùbọ́ wọn. Ọ̀kan ló kù tí a ò tíì yanjú: tí ọmọ bá ṣàìsàn, ta ló máa dúró? A ti bẹ̀rẹ̀ sí í jà sí i kó tó ṣẹlẹ̀.

Àǹtí Náìtì:
Kì í ṣe ìwọ nìkan torí pé o jẹ́ nọ́ọ̀sì, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gba ìyẹn. Ẹ wo róṣítà: ẹni tí ọ̀la ẹ̀ bá rọrùn jù ló máa dúró, tó bá dọ́gba, ẹni tí kò dúró nígbà tó kọjá. Kí ọkọ ẹ bá olùkọ́ kan sọ̀rọ̀ láti ìsinsìnyí tó máa lè dúró fún un ní kíláàsì. Kẹ́ ẹ má sì lo gbogbo lívù ọdún yín tán lórí ìgbéyàwó àti òkú, ẹ fi ọjọ́ díẹ̀ pa mọ́ fún ibà ọmọ. Tí ara ọmọ ọwọ́ yẹn bá gbóná láìtíì pé oṣù mẹ́fà, ẹ ò ní bá ara yín jiyàn, ẹni tó bá wà nílé ló ń gbé e lọ hòsípítù.

Ìyá Fèyí:
Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi hun òfì aláwọ̀ àlùbọ́sà fún ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní December?

Alhaja Olófì:
Mo lè hun ún. Ìpele àti gèlè nìkan ni, àbí pẹ̀lú ìró? Fi àwọ̀ gan-an ránṣẹ́ sí inbox mi, torí àlùbọ́sà tẹ́nì kan yàtọ̀ sí tẹlòmíì.